Ooru Tí Wọ́n Ní Ó Ń Jí Jíìnì: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Àbúrò Ìyá Mi ní Ìjẹ̀bú Òde

Ọjọ́ Ojúde Ọba ni mo rí egbò náà. Mo ti dé ilé àbúrò ìyá mi ní Ìjẹ̀bú Òde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, láti bá a wé gèlè. Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọn máa ń tètè péjọ, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ró aṣọ, ó ku bùbá. Bí mo ṣe gbé bùbá léèsì náà kọ́ ọ lọ́rùn, tó fara kan ọmú òsì rẹ̀, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára.

"Àǹtí, kí ló ṣe yín níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Àbẹ̀kẹ́. Wọ aṣọ fún mi."

N kò wọ aṣọ fún un. Mo tan iná yàrá, mo wò ó. Ojú iná ni. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ funfun báláú. Mo fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lábẹ́ awọ tó jóná yẹn, kókó kan wà níbẹ̀ tó le bí èkùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tì í.

Iṣẹ́ sikáànì ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá rèé. Ọwọ́ mi mọ irú kókó bẹ́ẹ̀ kí ojú mi tó rí i lórí ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Ó ní kí n dìde kí n wé gèlè òun, pé odidi ọdún kan ni àwọn fi dá owó aṣọ yẹn. Mo wé e. Ó lọ, ó jó níwájú ọba pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi sì dúró láàárín èrò, mò ń wo bó ṣe ń gbé apá òsì jìnnà sí ara.

Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun. N kò ní dárúkọ ọkùnrin tó jó o náà, torí pé irú rẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Nínú oṣù kẹta, ó pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí obìnrin mẹ́fà jókòó síta tí wọ́n ti mu omi yó, tí wọ́n ń dúró dè mí. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìró tí a fi ń ṣe sikáànì lè wo jẹjẹrẹ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ lókè òkun. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ooru rẹ̀ jí jíìnì báyìí." (Jíìnì ni àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí ara fi di odidi, tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe.) Mo ní màá pè é padà. N kò pè é padà. N kò sì bi í pé kí ló fa ìbéèrè yẹn. Obìnrin ẹni ọdún 57 tó ń ta gàrí kì í dédé dá ọjà dúró láti béèrè bí ìró ṣe ń wo jẹjẹrẹ. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ó ti rí kókó náà láti bí oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn, níbi tó ti ń wẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé èmi ni. Ó ní ojú ń ti òun kí ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà máa wo ọmú òun lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Oníbàárà rẹ̀ kan ní ọjà Òkè-Ajé ló júwe ọkùnrin kan fún un, tó gbé ẹ̀rọ ìró sínú yàrá kan nílé rẹ̀, tó ń fi wo ẹ̀yìn ríro, orúnkún, àti "gbogbo kókó ara."

Ọkùnrin náà fi fídíò kan hàn án lórí fóònù: eku kan, kókó kan lára eku, ìró tó ń mú kókó náà gbóná, kókó náà sì ń kéré sí i. Ó ṣàlàyé pé ooru ìró ló ń jí jíìnì tó ń pa jẹjẹrẹ. ₦15,000 ni ìjókòó kan, ìjókòó mẹ́wàá ló sì máa gbà. Àǹtí mi rántí pé èmi náà ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba pé kí ló mú un gba ọkùnrin yẹn gbọ́, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ ni mo gbà gbọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹ̀ẹ̀meje ló jókòó fún un. Ní ẹ̀ẹ̀keje ni awọ ara bó.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti là yé àwọn ẹbí ni pé ọkùnrin náà kò pa irọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Àwọn bọ̀dá mi fẹ́ kí n sọ pé irọ́ pọ́ńbélé ni, kí wọ́n lè lọ fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú irú fídíò yẹn wà lóòótọ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tó ń múnú mi dùn nígbàkúùgbà tí mo bá kà nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rò ó délẹ̀.

Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí mò ń lò nínú iṣẹ́ mi ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù méjì sókè. Ó ń wọ inú ara, ó ń kọlu ohun tó bá bá níbẹ̀, ó sì ń padà wá jíṣẹ́. Agbára rẹ̀ kéré débi pé ọmọ inú la fi ń wò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé agbára náà ga, ara á máa gbé lára ìró náà mì bó ṣe ń kọjá, ohun tí ara bá gbé mì á sì di ooru.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ìró àkójọ ní ọgbọ́n kan nínú tí ọmọ Ìjẹ̀bú kankan kò ní pẹ́ kó tó mọ̀. Ẹ wo ọjọ́ Ojúde Ọba. Bí o bá pàdé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kan ṣoṣo lójú títì, wàá yà fún wọn, wọ́n á jó kọjá, títì á sì padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, tí wọ́n pàdé níwájú ọba, kò sí ibi tí wàá fẹsẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yìí. Orí rẹ̀ kọ́ bí abọ́, tàbí kó jẹ́ orí kéékèèké tó pọ̀ rẹpẹtẹ, tí kálukú wọn ń rán ìró gba ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú ara. Lójú ọ̀nà, ìró kọ̀ọ̀kan kò lágbára tó láti pa awọ lára. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé nìkan ló ń gbóná, ibẹ̀ sì lè má ju hóró ìrẹsì kan lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1942 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tó ń kó ìró jọ báyìí. Ní 2004, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi jó ìju inú ilé ọmọ láìla ikùn. Ní 2016 wọ́n fọwọ́ sí i fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Nínú méjèèjì, ńṣe ni ooru náà ń pa ibi kékeré kan. Ọ̀rọ̀ jíìnì kò sí níbẹ̀.

Jíìnì ní ìtàn tirẹ̀, ara eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bà lé èso tó ti rọ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Ferruccio Ritossa, ń yẹ kúrómósómù wọn, okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lára rẹ̀, wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹnì kan ti gbé ooru àpótí tí wọ́n ń tọ́jú àwọn eṣinṣin náà sí ga láìsọ fún un. Nígbà tó wò wọ́n, ó rí àwọn ibi tó wú lára kúrómósómù, níbi tí kò ti sí wíwú tẹ́lẹ̀. Ibi tó bá wú bẹ́ẹ̀ ni jíìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ooru ti jí wọn. Ní 1962 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1974 ni àwọn mìíràn rí purotéènì tí àwọn jíìnì náà ń ṣe.

Kí ni purotéènì yẹn wà fún? Purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì dà bí aṣọ òkè tí a ká dáadáa sínú àpótí. Bí ara bá gbóná jù, aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹyin tó ti dì nínú omi gbígbóná, purotéènì tó tú kọjá ohun tí a lè tún ká ni. Nítorí náà ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ní àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń tún aṣọ ká. HSP70 ni ọ̀kan lára wọn, HSP90 jẹ́ òmíràn. Nígbà tí ara bá tutù, àwọn òṣìṣẹ́ yìí a máa di ẹnì kan mú nílé, tó ń jẹ́ HSF1. Bí ooru bá dé, wọ́n á sáré lọ bá aṣọ tó ń tú, ọwọ́ wọn á sì kúrò lára HSF1. Òun náà á so pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, á lọ bá DNA, ohun tí a fi kọ jíìnì, níbi tó mọ̀, á sì tan jíìnì tó ń ṣe HSP70 sí i. Bí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, tí iṣẹ́ sì ti dínkù, wọ́n á tún dì í mú. Mo lè fi ọ̀sán kan ronú sí ọgbọ́n yìí, kó má sú mi.

Ibi tí HSF1 ń fọwọ́ tẹ̀ lára DNA yẹn, súwíìṣì ni. Àwọn olùwádìí wá wò ó pé, bí a bá gbé súwíìṣì yìí síwájú jíìnì mìíràn ńkọ́? Wọ́n gbé e síbẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi ìró àkójọ mú ibẹ̀ gbóná. Ní 2003, àwọn kan ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé fi hàn lára eku pé ibi tí ìró bá mú gbóná nìkan ni jíìnì tí wọ́n kó wọlé náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego lo ọgbọ́n yìí fún sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n bá kọ́ láti pa jẹjẹrẹ lè ṣìnà, kó kọlu ẹran ara tó dára. Torí náà wọ́n jẹ́ kó máa sùn, títí ooru ìró yóò fi jí i nínú kókó náà gan-an. Lára eku, ó ṣiṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Caltech, yunifásítì mìíràn ní Kalifọ́níà, wọ́n tún fi irú súwíìṣì ooru bẹ́ẹ̀ sínú bakitéríà tó lè gbé inú kókó jẹjẹrẹ, kó máa tú oògùn jáde bí ìró bá mú un gbóná. Eku náà ni.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, ẹ kíyè sí ohun tó máa ń ṣáájú ooru. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ gbé jíìnì náà síbẹ̀. Ẹnì kan ti so súwíìṣì mọ́ ọn. Kí ni ẹnikẹ́ni gbé sínú ọmú àǹtí mi? Kò sí. Jíìnì tí ooru lè jí níbẹ̀ ni HSP70 tó bí mọ́ ara rẹ̀, tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, tó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Iṣẹ́ HSP70 ni pé kó gba sẹ́ẹ̀lì tó bá wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti jẹ ooru díẹ̀ tí kò kú, á le sí ooru tó bá tún dé láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i. Àwọn tó ń fi ooru kún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn mọ èyí dáadáa, òun ni wọ́n fi ń fi àyè sáàárín ìjókòó kan àti èkejì.

Nígbà náà, bí ọkùnrin yẹn bá jí jíìnì kankan, èyí tó ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ló jí.

Mo fẹ́ mọ bí ooru náà ṣe rìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ní Ṣàgámù, irú ẹ̀rọ tí ọkùnrin náà ní ni òun náà ní: orí rẹ̀ tẹ́ bẹrẹsẹ, kò kọ́ bí abọ́, ìró rẹ̀ ń lọ gbọọrọ, kò pàdé níbì kankan. Ẹ̀rọ tó dára ni fún iṣan tó le, bí ọwọ́ ẹni tó mú un kò bá dúró lójú kan. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà mọ̀ pé a kì í gbé e sórí ibi tí jẹjẹrẹ wà. Òfin ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

A ra ẹran màlúù tó nípọn, a ki tẹmọ́mítà oníwáyà bọ ibi méjì: ọ̀kan lábẹ́ ojú ẹran, èkejì níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, níwọ̀n ibi tí kókó àǹtí mi wà. Ẹran náà wà ní 31°C. Ọ̀rẹ́ mi gbé orí ẹ̀rọ náà, èyí tó ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù mẹ́ta, lé e, kò sì jẹ́ kó kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, òkè ti di 45. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 34.

Mo tún nọ́ḿbà méjèèjì kà. Òkè fi 14 lọ sókè, ìsàlẹ̀ fi 3 lọ. Ẹran ọjà kì í ṣe ara èèyàn, ẹ̀jẹ̀ kò sáré nínú rẹ̀ láti gbé ooru lọ, nítorí náà n kò ní fi ẹ̀rí yìí búra. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Awọ ara àǹtí mi, tó máa ń wà ní nǹkan bí 33, á ti sún mọ́ 47. Kókó tó wà nísàlẹ̀, láti 37, á dé 40, ìyẹn ooru ibà lásán.

Ìdí tí èyí fi burú wà nínú ìṣirò kan tí Sapareto àti Dewey tẹ̀ jáde ní 1984, tí àwọn tó ń fi ooru ṣe ìwòsàn ṣì ń lò. Ẹran ara tó bá wà ní 43°C fún ìṣẹ́jú 240 á kú. Láti ibẹ̀ lọ sókè, bí ooru bá fi ìwọ̀n kan ga, àkókò tó máa gbà á pín sí méjì. Ní 44, ìṣẹ́jú 120. Ní 45, ọgọ́ta. Ní 47, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ máa pín in lọ títí dé 56, kò ní ku ìṣẹ́jú àáyá méjì. Súwíìṣì tó ń jí jíìnì, ní nǹkan bí 42 sí 43 ló ń tàn dáadáa. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe há tó! Ìwọ̀n mélòó kan péré ló wà láàárín ooru tí kò ṣe nǹkan kan, ooru tó jí jíìnì, àti ooru tó pa ẹran.

Àǹtí mi sọ pé ogún ìṣẹ́jú ni ọkùnrin náà ń gbé orí ẹ̀rọ lé òun lọ́mú, pé ó máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kì í yí i. Ìpara kan tó nípọn ló fi pa ibẹ̀ dípò ọ̀dà olómi tí a máa ń lò kí afẹ́fẹ́ má baà wà láàárín. Awọ gba ooru tó ń pani. Kókó gba ooru tó ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe yè.

Ní Bordeaux àti San Diego, inú MRI, ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n ti ń ṣe é, torí pé MRI ni tẹmọ́mítà wọn. Nínú òòfà ńlá yẹn, háídrójìn tó wà nínú omi ara ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan. Bí ibẹ̀ bá fi ìwọ̀n ooru kan gbóná sí i, gbígbọ̀n náà á yí padà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Kọ̀ǹpútà ń ka ìyàtọ̀ tó kéré tó báyìí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, òun ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dín agbára ìró kù, kí kókó má lọ sókè ju 43, kó má sì wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná kò wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń mọ bó ṣe gbóná tó ló wọ́n.

Mo lọ bá ọkùnrin náà nílé rẹ̀. Mo kí i bó ṣe yẹ, torí ó jù mí lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ ìwọ̀n tó gbóná dé?" Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ní bí ó bá ti ń ta aláìsàn, aláìsàn á sọ. Mo ní, ìyá yẹn kò sọ. Ó dákẹ́.

Ilé ni mo ti wá mọ ìdí tí kò fi sọ. Ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ sọ fún un ní ìjókòó àkọ́kọ́ pé títa yẹn ni jíìnì tó ń jí. Àǹtí mi wá fara dà á. Ó ti bí ọmọ márùn-ún, ó ti ru àpò gàrí lórí láti Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí kò sí owó mọ́tò, ìfaradà kì í ṣe nǹkan tuntun sí i. Ó ní bí ó bá ti ń jó òun, òun á máa ka sáàmù sínú, òun á sì máa sọ fún jíìnì náà pé kó jí. Nígbà tó ń sọ èyí fún mi, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

A dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Iléyá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò jóná. Èsì jáde: jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti dé kókó kékeré kan ní abíyá. Wọ́n ní oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, iṣẹ́ abẹ á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n egbò iná náà gbọ́dọ̀ jinná ná, torí pé oògùn yẹn máa ń sọ agbára ara di aláìlera, egbò tó là sílẹ̀ sì lè di ọ̀nà tí àrùn máa gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko la fi ń wẹ egbò kí wọ́n tó fún un ní oògùn àkọ́kọ́.

Dókítà kò sọ pé ooru yẹn ló mú jẹjẹrẹ náà dé abíyá, èmi náà kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé láti ọjọ́ tó pè mí lórí fóònù títí di ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ kàn án, oṣù mẹ́ta ti lọ. Ìyẹn kò ṣe é dá padà.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìlera kan ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá ọkùnrin náà pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mo gbọ́ pé ó ti ṣí i padà, pé orúnkún àti ẹ̀yìn nìkan ló ní òun ń wò báyìí. Mo ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Láàárín oògùn kejì àti ìkẹta, nígbà tí irun rẹ̀ ti re tán, àǹtí mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ eku yẹn rò fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má kánjú. Mo rò ó. Mo sọ ti eṣinṣin Ritossa, ti súwíìṣì, ti sẹ́ẹ̀lì T tó ń sùn. Nígbà tí mo dé ibi tí MRI ti ń ka ooru, ó dá mi dúró.

"Ṣé nínú ìyẹn, aláìsàn kò ní nílò láti sọ pé ó ń ta òun?"

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Ẹ̀rọ á ti mọ̀ kó tó ta á."

Ó mi orí. Ó ní nígbà tí mo dá òun lóhùn lórí fóònù, ìyẹn ni mo fò.

Ní ìpàdé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọn tó tẹ̀ lé e, ó ní kí àwọn ọkùnrin jáde díẹ̀. Ó ṣí aṣọ, ó fi àpá náà han àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ iye owó tó san lórí rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin mẹ́rin nínú wọn wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kókó tí wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta jẹ́ omi lásán nínú àpò kékeré. Mo bá ẹnì kẹrin wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù fúnra mi.